Ìgbà Tí Ọkà Bá Wọlé Tán

Arlys Tveit kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta ibojì. Ara rẹ̀ le koko nígbà náà. Merlin ọkọ rẹ̀ ló kú. Ọkà bò ó mọ́lẹ̀ nínú àká ilé wọn lọ́dún 1959, kí àwọn aládùúgbò sì tó gé ara àká náà láti fà á jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ragna, ìyá Merlin, ló lọ bá agbẹ́kùúta. Ó ní kí ó kọ orúkọ tọkọtaya náà pọ̀, Merlin lápá òsì, Arlys lápá ọ̀tún, kí ó kọ ọdún tí wọ́n bí Arlys sí i, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún ọdún tí yóò kú.

Kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú nínú rẹ̀. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn ní Orrin Grove tiwa yìí, láàárín oko àgbàdo Iowa nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Opó a máa gbé òdòdó lọ síbi orúkọ ara rẹ̀ lọ́dọọdún, a sì tún fi aṣọ nu eruku ara òkúta náà. Fún ẹni ọgọ́rin ọdún, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọmọdébìnrin tó ṣì ń fi eré gun àtẹ̀gùn! Àwa ará ibí, a máa ń palẹ̀ mọ́ de ikú ju bí a ti ń palẹ̀ mọ́ de ayé lọ.

Rélùwéè ló bí ìlú wa. Ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń dúró mu omi ni, kí àwọn ará Norway tó wá tẹ̀dó sí àríwá ojú irin, kí àwọn ará ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì sì tó wá tẹ̀dó sí gúúsù. Àwọn ti àríwá kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Lútéránì, àwọn ti gúúsù kọ́ ti Àgùdà, oníkálukú sì ní itẹ́ òkú tirẹ̀. Nígbà tí Arlys wà lọ́mọge, a ní ilé sinimá kan, a ní oníbàtà méjì, a sì ní dókítà kan tí í máa fa sìgá lójú aláìsàn. Ọkọ̀ ojú irin akérò ló kọ́kọ́ fi wá sílẹ̀. Sinimá tẹ̀ lé e. Nígbà tó ṣe, wọ́n ti ilé ẹ̀kọ́ girama pa, wọ́n ní kí àwọn ọmọ máa wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú kejì. Àká gogoro tí gbogbo àgbẹ̀ ń kó ọkà wá nìkan ni kò yẹsẹ̀, ó dúró sáàárín ṣọ́ọ̀ṣì méjèèjì, ó sì ga ju méjèèjì lọ.

Delmar Vondra ni alábòójútó àká yìí. Ọmọ Àgùdà ni, ará gúúsù, ọkùnrin ńlá tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé. Rosalie ìyàwó rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọbìnrin kan, Joleen, sílẹ̀ fún un. Orúkọ Delmar pẹ̀lú ti wà lára òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rosalie. Ṣé ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ wa ti rí?

Arlys ló ń ṣe páì eléso ní ilé kọfí Lavonne. Láràárọ̀, kí Delmar tó ṣí àká, á kọ́kọ́ yà síbẹ̀.

"Páì wo lo ṣe lónìí?"

"Èyí tí o jẹ lánàá náà ni."

"Ti àná yẹn ò dáa rárá. Bù ú fún mi lẹ́ẹ̀mejì, kó lè dá mi lójú."

Lavonne tó ni ilé kọfí á pariwo láti ìdí ààrò pé, "Delmar, tó bá jẹ́ alápáì lo fẹ́, sọ ọ́ ká gbọ́! Yéé ba páì mi lórúkọ jẹ́!"

Àwọn àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín sínú ife kọfí wọn. Arlys á pọ́n wẹ̀ẹ̀, á sì máa nu tábìlì tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè, yìnyín dí ọ̀nà, Delmar fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé Arlys délé. Kò pa ẹ́ńjìnnì. Ó ní, "Arlys, jọ̀wọ́, fẹ́ mi."

Arlys ní, "Delmar, orúkọ mi ti wà lára òkúta."

"Tèmi náà wà lára òkúta. Èmi ò bi ẹ́ níbi tí o máa sùn sí tóo bá kú o. Ibi tí wàá jókòó sí lálẹ́ Sátidé ni mò ń bi ẹ́."

Arlys rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé tó ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín ti tán, omijé ló kù. Ọkùnrin náà wù ú. Ó wù ú dọ́kàn. Ṣùgbọ́n Ragna wà nínú yàrá ìsàlẹ̀, Ragna tí kò ní ọmọ mìíràn láyé, tí í máa dì í lọ́wọ́ mú lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi lọ sí ibojì, tí á sì na ọwọ́ sí apá ọ̀tún òkúta pé, "Tìẹ nìyí, ọmọ mi." Ẹnu wo ni èèyàn á fi sọ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ pé òun ń lọ sílé Àgùdà?

Ló bá ní kí Delmar jẹ́ kí òun rò ó.

Delmar gbà. Láti ọdún náà lọ, nígbà tí ẹrù àgbàdo ìkẹyìn bá ti wọ àká, á wẹ̀, á wọ aṣọ tó mọ́, á wá bá Arlys. "Ọkà ti wọlé tán, Arlys. Kí lo wí?" Arlys á ní, "Jẹ́ kí n rò ó sí i." Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ń gorí ọdún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn méjì yìí fẹ̀sọ̀ mú tiwọn títí irun àwọn méjèèjì fi funfun. Bí ìkórè bá dé, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọkà gbẹ a máa hó láti ìrọ̀lẹ́ lọ, gbogbo ìlú á máa kùn pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Arlys kì í kùn. Á ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú òtútù, nítorí bí ẹ̀rọ náà bá ń hó, Delmar ló jókòó tì í. Àárò ẹni tó ń rí lójoojúmọ́ ń sọ ọ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1989, Arlys àti Ragna jókòó sí ìta ilé, wọ́n ń bó èso ápù. Ragna ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò ríran dáadáa mọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ ibi tí ọ̀bẹ dé.

Ó ní, "Ọmọkùnrin Àgùdà yẹn, ṣé ó ṣì ń bi ẹ́?"

Ọwọ́ Arlys dúró. "Ọmọkùnrin wo, Màmá?"

"Má fi mí ṣe ọmọdé o. Ojú ló ń dùn mí, etí mi ò di."

Ragna bó ápù kan tán, ó mú òmíràn. "Èmi ni mo ní kí wọ́n kọ orúkọ ẹ síbẹ̀. Kì í ṣe tìtorí Merlin. Merlin ti kú, kí ló kàn án? Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní tóo bá lọ fẹ́ ẹlòmíì, ta ló máa kù mí kù? Ni mo bá fi òkúta so ẹ́ mọ́lẹ̀."

Arlys dìde, ó wọ kíṣìnnì, ó fọ ìkòkò kan tí kò dọ̀tí. Inú bí i débi pé ó fẹ́ fọ́ nǹkan, kò sì mọ ohun tó lè fọ́. Ó jáde padà wá síta.

"Ọgbọ̀n ọdún, Màmá. Ẹ̀ ń wò mí lójoojúmọ́, ẹ ò sọ̀rọ̀."

"Ìwọ náà ń wò mí lójoojúmọ́, o ò bèèrè." Ragna gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Dárí jì mí. Lọ bá a, ọmọ mi. Mú un wá síbí tóo bá fẹ́. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín ọkùnrin nínú ilé yìí."

Ẹni tó bá jẹ́ ará ibòmíràn ì bá ti wọ bàtà lọ bá Delmar lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó kó ẹ̀wà sóyà ti ń tò lẹ́nu ọ̀nà àká, a kì í sì í yọ ọkùnrin àká lẹ́nu nígbà ìkórè ní ìlú wa. Orí ìdúró ló ti ń jẹun, orí àga ló ti ń sùn. Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀, àní ìjà pàápàá, gbogbo rẹ̀ á dúró di ìgbà tí ọkà bá wọlé tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, Delmar ló ń bèèrè. Arlys sọ lọ́kàn rẹ̀ pé kí ó bèèrè bó ti máa ń ṣe, òun á sì dáhùn kó tó parí ọ̀rọ̀. Ó ra aṣọ búlúù kan, ó gbé e kọ́. Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé páì ọkùnrin náà tóbi.

Delmar wo àwo rẹ̀, ó wo Arlys. "Kí ni mo ṣe tí tèmi fi tóbi báyìí?"

"Ṣáà jẹ ẹ́."

"Obìnrin yìí, ó ní nǹkan tóo ń fi pa mọ́."

"Tí ọkà bá wọlé tán, wàá gbọ́."

Delmar tẹjú mọ́ ọn. "Àgbàdo ló kù," ló wí. "Má gbàgbé o."

"Èmi? Kí n gbàgbé?"

Òjò wá bẹ̀rẹ̀. Oko di ẹrẹ̀, àwọn ẹ̀rọ ìkórè rì, ìkórè falẹ̀ wọ oṣù Kọkànlá. Tí mo bá rántí, ara mi a máa ta. Ó ń ṣe mí bíi pé kí n ti obìnrin náà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni! Ó lè sọ ọ́ pẹ̀lú kọfí! Ṣùgbọ́n ó dúró, nítorí ọmọlúàbí ni, nítorí ọmọ ìlú wa ni.

Àgbàdo ò tíì wọlé tán lọ́sàn-án ọjọ́ tí awakọ̀ kan gun orí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ẹrù ọkọ̀ níwájú àká, tó fun fèrè, tí Delmar kò sì gbọ́wọ́ sókè láti inú fèrèsé. Orí àga rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró.

Tí àwọn Àgùdà bá ń sìnkú, àwọn obìnrin Lútéránì ló ń bá wọn dáná kí gbogbo Àgùdà lè wà nínú ìsìn. Àwọn náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún wa. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n ń kọrin fún Delmar lókè, Arlys wà nísàlẹ̀ nínú kíṣìnnì ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń gé ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ta ló máa ní kó wá jókòó? Kì í ṣe ìyàwó, kì í ṣe ẹbí. Orin náà ń la àjà wá bá a, ó sì ń gé ẹran náà ní tínrín-tínrín bó ti yẹ.

Wọ́n ti ibojì dé. Àwọn ẹbí ló ń kọ́kọ́ jókòó, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan oúnjẹ títí wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀. Arlys ń bu kọfí kiri tábìlì wọn, ó sì dé ọ̀dọ̀ Joleen. Àga kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Joleen fi ọwọ́ bo ife rẹ̀.

"Ẹ gbé kẹ́tùlù yẹn sílẹ̀, Àǹtí Arlys."

"Á tutù."

"Kó tutù." Ojú Joleen ti wú. "Dádì pè mí lórí fóònù ní Sunday. Wọ́n ní tí ọkà bá wọlé tán kí n wálé, pé ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ fẹ́ sọ. Wọ́n ní àwọn mọ̀ ọ́n, àwọn kàn fẹ́ kí n wà níbẹ̀ tí ẹ bá ń sọ ọ́. Mo ti wálé. Kí lẹ fẹ́ sọ?"

Arlys ṣì di kẹ́tùlù mú.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ni mo fẹ́ sọ fún un."

Joleen dìde, ó gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fa àga tó ṣófo náà jáde. Arlys jókòó. Lavonne ti kíṣìnnì gbé àwo oúnjẹ kan jáde, ó gba iwájú gbogbo ẹbí Vondra kọjá, iwájú Arlys ló sì kọ́kọ́ gbé e sí, bí a ti ń ṣe fún opó.