Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Bojú Wẹ̀yìn

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílé ìwé. Kì í ṣe ìṣirò, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì tó ń da àwọn ẹlòmíì láàmú. "Ìwọ" ni.

Ní Ọ̀kà tí wọ́n bí mi sí, kò sí ẹni tí a kì í pè ní ìwọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá kúnlẹ̀ fún bàbá mi, màá ní, "Ṣé o jí dáadáa?" Ìkúnlẹ̀ yẹn ni ọ̀wọ̀. "O" tó ti ẹnu mi jáde kò ba nǹkan kan jẹ́. Èèyàn méjì sókè là ń pè ní ẹ̀yin. Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn tí ẹ bá ń ka èyí, ẹ má bínú, bí tiwa ṣe rí nìyẹn. Yorùbá inú ìwé ni mo sì fi ń kọ ọ́ kó lè yé gbogbo wa, torí ẹnu tiwa tún yàtọ̀ sí èyí.

Ilé ìwé tiwa kò ní kíláàsì tó ga nígbà náà. Ní nǹkan bí ọdún 1955, wọ́n mú mi lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi obìnrin, kí n lè parí ìwé mi níbẹ̀. Apá Ọ̀yọ́ ni olùkọ́ kíláàsì wa ti wá. Ọkùnrin náà mọ̀wé, aṣọ rẹ̀ kì í rún, pàṣán rẹ̀ kì í sì í jìnnà sí i. Lọ́sẹ̀ tí mo débẹ̀, ó rán mi pé kí n lọ pọn omi sínú ìkòkò kíláàsì. Kí n tó dé, ó ti gbàgbé. Ó bi mí níbo ni mo ti ń bọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dáhùn bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé: "Tíṣà, ìwọ lo ní kí n lọ pọn omi."

Háà! Àfi bí ẹni pé mo gbá a létí.

"Ìwọ? Èmi ni o pè ní ìwọ? Ṣé èmi àti ìwọ la jọ ń ta ayò ni?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ọmọ Ìkàrẹ́ tí àwọn náà ń pe ìyá wọn ní ìwọ nílé! Wọ́n ti kọ́gbọ́n ṣáájú mi ni. Olùkọ́ nà mí, ó ní ilé tí mo ti wá kò kọ́ ọmọ. Pàṣán yẹn ò dùn mí tó ọ̀rọ̀ yẹn. Láti ọjọ́ náà, "Ìwọ" di orúkọ mi. "Ìwọ ti dé o! Ìwọ, ṣé o jí ire?"

Mo bá pa ẹnu mi dé. Bí mo bá mọ ìdáhùn ìbéèrè, màá gbé e mì. Bó bá di dandan kí n sọ̀rọ̀, n kò ní pe "o," n kò sì ní pe "ẹ." Màá ní, "Ṣé tíṣà fẹ́ kí n nu bọ́ọ̀dù?" bí ẹni pé ẹlòmíì ni tíṣà náà, kì í ṣe ẹni tó dúró níwájú mi. Kò pẹ́ tó fi ń pè mí ní olódo. Ibi tó burú sí nìyí: èmi náà gbà á gbọ́. Èmi tí mo máa ń wà lókè nínú kíláàsì ní Ọ̀kà, mo wá ń rò pé ọpọlọ mi kò pé, nítorí wọ́n fi ahọ́n ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tó yá, mo ní kí n kúkú kọ́ "ẹ" yìí. Mo kọ́ ọ kọjá ààlà. Mo ń pe àwọn ọmọ kéékèèké inú ilé ní ẹ̀yin. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ki ẹnu bọ èlùbọ́ tí a sá, mo figbe ta: "Ẹ kúrò níbẹ̀!" Àǹtí mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ti yó."

Ìyá mi, kíjìpá ló máa ń hun. Lọ́jọ́ ọjà Ìkàrẹ́ kan, ó gbé aṣọ wá tà, ó sì yà wò mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ìrìn." Ìyá mi dúró. Ó bojú wẹ̀yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹnì kankan.

Ó ní, "Ta ni èmi àti ẹ̀ jọ wá?"

Àǹtí mi rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ò rẹ́rìn-ín. Ó jẹun díẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó wò mí lójú, ó ní, "Ṣé mo ti wá di àlejò rẹ ni?"

Ọdún yẹn ni ọ̀gá ilé ìwé fẹ́ yan àwọn ọmọ tí yóò lọ dánwò ìwọlé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà obìnrin. Kálukú yóò dúró níwájú òun àti àwọn olùkọ́, wọn yóò bi í ní ìbéèrè. Ẹni tí kò bá lè lanu sọ̀rọ̀, ó parí fún un nìyẹn. Mo fẹ́ di tíṣà, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo fẹ́ láyé.

Nígbà tí ọjọ́ náà ku díẹ̀, ó kàn mí láti gbàdúrà níwájú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀. Bí ọmọdé bá dé ibi ẹ̀rù, ẹ̀rù á bà á. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀: "Ọlọ́run Baba wa, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ ṣeun tí ẹ jí wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá."

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn: "Ọlọ́run mélòó?" Ẹ̀rín bẹ́. Olùkọ́ kíláàsì mi ń fi áńkáṣíìfù bo ẹnu, ó ń sọ pé, "Ìwọ là ń pe Ọlọ́run! Ìwọ!"

N kò dúró ṣe àmín. Mo gba ẹnu ọ̀nà jáde, mo fi ẹsẹ̀ rìn dé Ọ̀kà, mo ń sunkún, mo ń bú wọn. Ìyá mi wà nídìí òfì. Mo sọ fún un pé ìwé tán, mo wá kọ́ aṣọ híhun. Mo wá ro gbogbo rẹ̀ fún un láti orí omi tí mo lọ pọn dé orí àdúrà. Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Olùkọ́ yẹn, ìwọ lòun náà ń pe Ọlọ́run?"

"Ìwọ ni."

"Ọlọ́run ò sì nà án?"

"Kò nà án."

Ó pòṣé. "Kí ni èmi wá ṣe tí o fi ń pè mí bí ẹni tí o ò mọ̀ rí?"

Ẹkún tún gbọ̀n mí. Ó jẹ́ kí n sun ún tán. Ó wá ní, "Bí a bá dé ilé onílé, tí wọ́n ní kí a bọ́ bàtà, à á bọ́ ọ. A kì í gé ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Pe olùkọ́ rẹ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n pe òun. Ṣùgbọ́n lọ́la, o máa padà. N kò ní òfì fún ọmọ tó ń sá."

Mo padà. Nígbà tó kàn mí láti dúró níwájú wọn, ọ̀gá ilé ìwé bi mí kí ló dé tí mo fi sá. Mo gbé ojú sókè. Mo ní, "Ojú ló tì mí, sà. Nílé wa, ìwọ là ń pe àgbà. Lọ́dọ̀ yín, ẹ̀yin ni. Mo kó méjèèjì pọ̀ ni. Mo ti wá mọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan." Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Olùkọ́ kíláàsì mi ò rẹ́rìn-ín, kò sì bínú. Wọ́n bi mí ní ohun tí wọ́n fẹ́ bi, mo dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n yàn mí, mo sì yege ìdánwò náà.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ti kọ́lẹ́ẹ̀jì bọ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn mi, mọ́tò já wa sílẹ̀ ní Ọ̀kà. Ìyá mi dúró láàárín èrò. Mo fi aṣọ funfun kúnlẹ̀ nínú eruku, mo ní, "Ìyá mi, o kú ilé o! Ṣé o wà dáadáa?" Ọkùnrin kan tí a jọ wọ mọ́tò pòṣé, ó ní akọ̀wé tí kò lẹ́kọ̀ọ́ rèé.

Ìyá mi ní, "Mo wà dáadáa." Ó gbé àpótí mi rù, kò sì bojú wẹ̀yìn.