Asiat àti Ẹ̀gbọ́n Ọlájíre Lábẹ́ Omi Khor Fakkan

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rán Asiat lọ sábẹ́ omi? Bánkì ló ń bá ṣiṣẹ́ ní Dubai Marina, Muwaileh tó jìnnà síbẹ̀ ló ń gbé, inú bọ́ọ̀sì ló sì ti ń lo ìdajì ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń sùn, òun ti wà létí òkun Khor Fakkan, ó gbé sìlíńdà afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn, ó ń rọra fi ẹsẹ̀ rìn láti orí yanrìn wọnú omi.

Ẹ̀gbọ́n Ọlájíre ló fi eré yìí mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin náà ti ń súnmọ́ ọgọ́ta ọdún. Òun ló fún Asiat ní bedspace, àyè ibùsùn kan nínú yàrá àjọgbé, ní Karama ní Dubai nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, òun náà ló ń bá a sáré nígbà tí visa rẹ̀ fẹ́ tán. Títí dòní, Asiat kì í já ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, àwọn méjèèjì nìkan ni. Òfin eré náà kò le: mítà kan wà lára olúkúlùkù tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù. Bó bá ti wálẹ̀ láti igba dé àádọ́rin, kí ẹni tó kọ́kọ́ rí i fi àmì hàn ẹnìkejì, kí wọ́n jọ padà.

Wọ́n dé ibi àpáta iyùn, ẹja wẹ́wẹ́ ń kọjá lọ́tùn-ún lósì. Ẹ̀gbọ́n gbájú mọ́ ìjàpá òkun kan, ó ń tẹ̀ lé e lọ. Asiat tajú kán rí mítà ẹ̀gbọ́n. Ogójì!

Ó yẹ kó na ọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Kò nà án. Ṣé òun ni yóò wá máa pàṣẹ fún àgbà? Ẹni tó ti ń wọ omi yìí lọ́dún mẹ́wàá, ṣé kò mọ ohun tó ń ṣe ni? Ẹ wá wo ọmọ tó ń ṣe ìtẹríba nísàlẹ̀ òkun! Ó ń wo mítà, ó ń wo ojú ẹ̀gbọ́n, ó tún ń wo mítà. Márùndínlógójì. Ọgbọ̀n. Ẹni tí afẹ́fẹ́ bá tán mọ́ lọ́wọ́ nísàlẹ̀, tó wá sáré yọ sókè, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ lè bẹ́. Asiat mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó di ogún, ó ní lọ́kàn rẹ̀ pé khalas, ó tó gẹ́ẹ́. Ó di apá ẹ̀gbọ́n mú, ó na àtàǹpàkò sókè sí i lójú, àmì pé kí wọ́n gòkè. Ẹ̀gbọ́n kò jiyàn. Wọ́n rọra gòkè.

Lórí yanrìn, ọkùnrin náà bọ́ sìlíńdà rẹ̀ sílẹ̀. Asiat kúnlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo kọjá àyè mi.”

“Asiat, láti ogójì ni mo ti rí i,” ni Ẹ̀gbọ́n Ọlájíre wí. “Ojú ló ń tì mí. Mi ò fẹ́ kí ìwọ àbúrò mi rí i pé afẹ́fẹ́ mi ló kọ́kọ́ tán. Mo ń retí kí afẹ́fẹ́ tìrẹ náà wálẹ̀, kí o fi àmì hàn mí.”

“Èmi náà rí i ní ogójì, sà.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. “O rí i?”

“Mo rí i. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.”

Ẹ̀rù tó bà wọ́n níbẹ̀ ju ti inú omi lọ.