Káfíńtà Tí Kò Ní Ọ̀gá

Àbúrò ìyàwó mi jí kẹ̀kẹ́ gbé ní Ìsẹ́yìn nígbà tí kò tíì ju ọ̀dọ́mọdé lọ. Wọ́n gbé e lọ sí ilé tí ìjọba ti ń tún irú wọn tọ́. Nígbà tó fi máa padà dé, ó ti di káfíńtà. Ó kan ilẹ̀kùn tuntun sí yàrá wa, ilẹ̀kùn náà kò sì dún rí.

Ṣùgbọ́n níbi tiwa, ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá pe èèyàn jọ, kó gbàdúrà fún un, kó sì dá a sílẹ̀ lójú gbogbo wọn, kò lè dá ṣiṣẹ́. A mú un tọ olórí àwọn káfíńtà lọ.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Ìjọba ni, bàbá."

"Ṣé ìjọba mọ bí wọ́n ṣe ń di ayùn mú ni?"

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ná."

"Dìde, ìyàwó wa. Ọwọ́ yẹn gan-an là ń wò."

Kò sẹ́ni tó gbéṣẹ́ fún un. Ó gba Ìgbẹ́tì lọ, ọlọ́pàá sì mú un níbẹ̀ pẹ̀lú ewúrẹ́ olówó.

Olórí káfíńtà wá kí wa. Ó ní, "Ẹ̀yin náà ti wá rí i báyìí."

Ìyàwó mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn tí àbúrò rẹ̀ kàn mọ́ ọn lójú. Títí ó fi kú, kò kí bàbá náà mọ́.