Yàsíìn Kan Nínú Omi Oníyọ̀

Òórùn fínígà ló ń jí mi ní oṣù ààwẹ̀ ọdún yẹn. Lẹ́yìn ìrun àsùbá, nígbà tí mo bá tún ti sùn padà sórí ẹní, Màámi á ti da fínígà sínú omi, òórùn kíkan náà á sì gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé wá bá mi. Mo máa ń fi aṣọ ìbora dí imú. Mo ti mọ̀ pé tí òórùn yẹn bá ti dé, iṣẹ́ dé nìyẹn, kò sì sí irọ́ tí mo lè pa tí Màámi máa gbà.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Ajégúnlẹ̀ á rántí irú ilé tí mò ń sọ. Yàrá mẹ́fà lápá ọ̀tún, mẹ́fà lápá òsì, kọ́rídọ̀ tó ṣókùnkùn láàárín, kànga kan lẹ́yìn ilé, ilé ìyàgbẹ́ kan ṣoṣo tí gbogbo wa ń jà sí. Gọ́tà iwájú ilé wa kì í ṣàn. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni, tí òjò bá sì rọ̀, á gòkè wá kí wa nínú ilé. Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi ti wá. Bàbá mi ń gbé ẹrù ní wọ́ọ̀fù ní Àpápá, Màámi ń ta èso àti ẹ̀fọ́ tútù: kùkúmbà, kárọ́ọ̀tì, ìgbá, ìbẹ́pẹ, ọ̀pẹ̀ òyìnbó. Láàárọ̀, wọ́n á gbé e lọ sí Warehouse Road, wọ́n á máa wọ ọ́fíìsì kan bọ́ sí òmíràn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù ààwẹ̀, wọ́n á jókòó síwájú ilé, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń wá èso tí wọ́n máa fi ṣínu.

Fífọ̀ ni ọjà Màámi fi yàtọ̀. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé omi kan ṣoṣo ni wọ́n ń ri èso sí láti àárọ̀ dalẹ́, títí omi á fi dúdú. Báfù mẹ́ta ni Màámi ń tò. Omi lásán ló wà nínú àkọ́kọ́, ibẹ̀ la ti ń fi ọwọ́ ra iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára kárọ́ọ̀tì. Omi oníyọ̀ ló wà nínú èkejì, ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ àti fínígà, tí fínígà bá sì tán, a ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Nínú ẹ̀kẹta ni omi tí a ti sè tí a sì bò títí ó fi tutù, tí a fi ń ṣan iyọ̀ náà kúrò. Wọn ò gba ọṣẹ láàyè rárá. Wọ́n ní ọṣẹ máa ń wọ inú kùkúmbà lọ. "Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ọṣẹ, kó lọ ra ọṣẹ," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì yí ojú sí mi bíi pé èmi ni mo dá a lábàá.

Ó wá ku bí èso á ṣe pẹ́ tó nínú omi oníyọ̀. Aago ara ògiri wa ti kú tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó bìkítà fún un. Yàsíìn ni Màámi fi ń wọn àkókò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ há Súrà Yàsíìn sórí ní ilé kéwú, inú Màámi sì dùn débi pé wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ fún mi. "Bàsírá, ké Yàsíìn kan tán pátá kí o tó yọ wọ́n. Bátìrì lè tán, Yàsíìn ò ní tán." Èmi á jókòó sórí àpótí, ọwọ́ mi nínú omi, màá máa yí kùkúmbà po, màá máa ké e. Tí mo bá ké e bó ṣe yẹ, gbogbo ìka ọwọ́ mi á ti hunjọ kí n tó dé òpin.

Ìyẹn tí mo bá ké e bó ṣe yẹ. Ní ilé kéwú wa, àwa ọmọdé ń bá ara wa díje, ẹni tó bá yára jù la ń pè ní ọ̀gá. Ahọ́n mi yá. Mo wá di ẹni tó lè ké Yàsíìn kí ẹlòmíràn tó dé ìdajì, àwọn ẹgbẹ́ mi á sì máa pàtẹ́wọ́ fún mi. Báyìí ni Yàsíìn ṣe ń kúrú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ báfù, tí kùkúmbà sì ń tètè jáde nínú omi oníyọ̀. Nígbà tó yá, yíyára náà ò tó mi mọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fo àárín. Mo kíyè sí i pé òpin nìkan ni Màámi ń tẹ́tí sí látinú yàrá. Tí mo bá ti gbé ohùn sókè ní àwọn ọ̀rọ̀ tó parí rẹ̀, wọ́n á ní, "Ó káre, yọ wọ́n."

Lọ́dún yẹn, òjò rọ̀ fún ọjọ́ méjì gbáko nínú oṣù ààwẹ̀. Gọ́tà kún, omi dúdú tó kún fún ìdọ̀tí wọ àgbàlá, ó yí kànga ká. Àwọn mẹ́ruwà tó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù ta omi kò lè wọ àdúgbò wa, nítorí náà kànga nìkan ló kù fún gbogbo ilé. Nígbà tí òjò dá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, àwọn ọmọbìnrin ilé jáde síwájú ilé níbi tó gbẹ díẹ̀, wọ́n ń ta tẹ́ńtẹ́n. Mò ń gbọ́ àtẹ́wọ́ wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ Yàsíìn, mo ké díẹ̀, mo bẹ́ gìjà sí òpin, mo gbé ohùn sókè. "Ó káre," ni Màámi wí. Mo yọ kùkúmbà, mo rì í bọ báfù kẹta, mo kó o sórí igbá ọjà, ó di iwájú ilé.

Yàrá tó kọjú sí tiwa ni Àǹtí Ṣìkírá ń gbé. Ọkọ wọn ń wa tírélà lọ sí Kánò, ó lè tó oṣù kan kí wọ́n tó rí i. Oyún oṣù méje wà nínú wọn, kò sì sí oúnjẹ tó ń dúró nínú wọn àfi kùkúmbà. Àwọn ló ń dì mí nírun lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn ju àwọn ìbátan mi kan lọ. Nígbà tí wọ́n pe ìrun màgàríbì, èmi ni mo gbé tiwọn lọ fún wọn. "Kùkúmbà Màámi ẹ yìí, mo lè dìde lóru jẹ ẹ́," ni wọ́n wí, wọ́n sì jẹ odindi méjì níṣojú mi.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ni mo gbọ́ ariwo. Àǹtí Ṣìkírá ń bì, wọ́n ń yàgbẹ́ bí omi, wọn ò sì lè dá dúró mọ́. Ojú wọn ti jìn wọnú, ètè wọn ti gbẹ. Wọ́n di ikùn wọn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń wí pé, "Ọmọ mi ò mira mọ́." Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù fi ọwọ́ lérí, ó ń ké pe àwọn ọkùnrin ilé: "Una dey look? Abeg, make una carry am go hospital!" Bàbá mi pọ̀n wọ́n sẹ́yìn, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wọ́ omi gọ́tà títí dé títì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí ọkọ̀ gbé wọn lọ sí ọsibítù.

Ẹnì kan wá bèèrè pé, "Kí ló jẹ lánàá?" Mi ò rántí ẹni náà mọ́, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo rántí. Ẹlòmíràn dáhùn pé kùkúmbà ni. Gbogbo ojú yí sí ìlẹ̀kùn wa. Mo rọra fà sẹ́yìn, mo lọ lúgọ sẹ́yìn dúrọ́ọ̀mù omi.

Kó tó di ọ̀sán, èèyàn méjì mìíràn nínú ilé ti ń bì. Wọ́n ní onígbáméjì ni. Àwọn wolé-wolé dé, wọ́n da oògùn sínú kànga, wọ́n ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn, wọ́n ń bi wá ní ohun tí a jẹ àti omi tí a mu. Ẹ má rẹ́rìn-ín o: ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé wọ́n á ní kí n jókòó ké Yàsíìn, kí wọ́n fi aago ọwọ́ wọn wọ̀n ọ́n, kí àṣírí tú. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Màámi, wọ́n wo báfù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n wo iyọ̀, wọ́n wo fínígà, wọ́n ní kí Màámi má tajà fún ìgbà díẹ̀ ná. Màámi dá wọn lóhùn ní jẹ́jẹ́ pé "Ẹ ṣé, sà." Mi ò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyẹn rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mi ò lè jẹun dáadáa. Mò ń ké Yàsíìn nínú ilé ìyàgbẹ́, lójú ọ̀nà, lórí ẹní, mò ń ké e ní odindi, mò ń fà á gùn, bíi pé mo lè fi dí àlàfo èyí tí mo fò. Mo gbà lọ́kàn mi pé mo ti pa Àǹtí Ṣìkírá, mo tún ti pa ọmọ inú wọn. Lójoojúmọ́ ni Bàbá ń ti ọsibítù dé tí wọ́n á ní, "Wọ́n ṣì ń fa omi sí i lára." Mi ò mọ̀ bóyá ìyẹn dára tàbí kò dára, mi ò sì láyà láti bèèrè.

Ní ọjọ́ kẹta, mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Màámi wà lẹ́yìn ilé, wọ́n ń fọ igbá ọjà tí wọn ò tíì lò látọjọ́ náà. Mo dúró jìnnà díẹ̀ síbi tí ọwọ́ wọn ò ní lè tètè bà mí. Mo ní, "Màámi, mi ò ké e tán. Mo fo àárín."

Wọ́n dá ọwọ́ dúró. Mo ti di ojú mi, mò ń dúró de ìgbájú. Ìgbà tí ìgbájú ò dé, mo la ojú, mo rí i pé wọ́n ti jókòó sórí àpótí mi. Wọn ò wò mí. Wọ́n ní, "Omi tó wà nínú báfù kẹta lọ́jọ́ náà, mi ò sè é. Kẹrosíìnì ti tán láti àárọ̀. Mo ní kí n lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan péré." Wọ́n fi etí ìró nu ojú. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni, Bàsírá. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo rí bí wọ́n ṣe ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń bọ̀, ẹ̀rù tó sì bà mí nígbà náà ju ti ọjọ́ mẹ́ta yẹn lọ. Mo ti rò pé tí mo bá ti jẹ́wọ́, àgbàlagbà á mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba Màámi náà.

Àǹtí Ṣìkírá ò kú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n padà wálé, wọ́n ti rù kan egungun, ṣùgbọ́n ikùn wọn ṣì wà níwájú wọn, ọmọ inú wọn sì ń mira. Nígbà tí àkókò tó, wọ́n bí ọkùnrin. Màámi padà sí ọjà wọn, kò sì tún sí ọjọ́ kan tí báfù kẹta gba omi tí a ò sè. Èmi náà ò fo nǹkan kan mọ́. A ò sì sọ ọ̀rọ̀ yẹn láàárín ara wa mọ́ títí Màámi fi kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Oúnjẹ ni iṣẹ́ tèmi báyìí. Èmi ni mo ń bójú tó ilé ìdáná ọ́fíìsì kan ní Àpápá GRA, àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì ń pè mí ní wolé-wolé lẹ́yìn mi. Mo ti kọ́ ọ pé iyọ̀ àti fínígà kàn ń ranni lọ́wọ́ ni, wọn ò lè pa gbogbo kòkòrò, omi tó mọ́ àti ọwọ́ tó mọ́ ló ṣe kókó. Mo ti ronú rẹ̀ pé àwọn méjì tó kù tó ṣàìsàn ò jẹ èso wa, pé gbogbo ilé ló mu omi kànga yẹn. Ó lè má jẹ́ kùkúmbà rárá. Orí mi gbà bẹ́ẹ̀. Àyà mi ò gbà á.

Ìdí nìyẹn tí mo fi lọ bá Àǹtí Ṣìkírá lọ́dún tó kọjá, ní Ajégúnlẹ̀ níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìwọ lo fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà?" ni wọ́n bèèrè. "Màámi ẹ ti wá bá mi ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, Bàsírá, èmi tí wọ́n lè bí lọ́mọ. Wọ́n ní àwọn ò se omi, pé àwọn fúnra àwọn làwọn fọ gbogbo ẹ̀, pé ọwọ́ ọmọ kankan ò sí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n dìde, wọn ò dìde, àfìgbà tí mo búra pé mo ti forí jì wọ́n."

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, kí wọ́n má mọ̀ pé èmi ni mo ṣe é ni gbogbo ohun tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún. Mo ti ju ọjọ́ orí Màámi nígbà yẹn lọ báyìí, mo sì ní ọmọbìnrin kan tí òun náà ń fọ èso pẹ̀lú mi, tó sì fẹ́ràn eré. Mò ń bi ara mi bóyá mo lè kúnlẹ̀ fún ẹni tí mo lè bí lọ́mọ, kí n gbé ẹ̀bi ọmọ mi mọ́ tèmi, kí n má sì jẹ́ kó mọ̀ títí n ó fi kú. Mo fẹ́ ní mo lè ṣe é. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.