Ìrẹsì Tó Lójú

Òórùn kárọ́ọ̀tì tútù ṣì máa ń já mi láyà títí dòní. Bí mo bá gbóòórùn rẹ̀ lọ́jà, ńṣe ni ẹsẹ̀ mi máa ń yá bí ẹni pé mo ti pẹ́ dé ibì kan. Ìgbà tí bàbá ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ sí Japan ló máa ń rán mi létí. Iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irin ọkọ̀ ló lọ bá ṣiṣẹ́. Èmi, ìyá rẹ̀ àti ọmọbìnrin wa tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí kíláàsì wánù la ṣẹ́kù sílé l'Ọ́wọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti lọ ni ọmọ náà ti pa oúnjẹ tì. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kò sóhun tó ṣe é. Àmọ́ bó ṣe gbé kúlà oúnjẹ lọ sílé ìwé ló ṣe ń gbé e bọ̀, yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ti ń ṣò lọ́rùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí gidi.

Bàbá rẹ̀ a máa pè wá ní fídíò lórí fóònù. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́: ó ní níbẹ̀, kò sóhun tí wọn kì í ya ojú sí. Ohun tí wọ́n fi ń dínà níbi tí wọ́n ti ń tún títì ṣe, àwòrán ọ̀bọ tó ń rẹ́rìn-ín ni. Àgbà ọkùnrin á so ẹranko kékeré tí wọ́n fi òwú hun mọ́ báàgì iṣẹ́, kò sẹ́ni tí yóò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn ìyá ibẹ̀ a máa fọwọ́ ara wọn rán àpò oúnjẹ ọmọ, wọ́n á mọ ìrẹsì bí ehoro tàbí ológbò kí ó lè wu ọmọ jẹ. Ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wọn, kawaii, tí wọ́n fi ń kígbe bí wọ́n bá ti rí nǹkan kékeré tó wu ojú. Ìyá ọkọ mi, tó jókòó tì mí, gbọ́ ọ sí "ká wá a."

"Kí ló sọnù?" ni Màmá bi ọmọ rẹ̀.

Èmi ti gbé e kanrí ní tèmi. Mo rán àpò láti ara àjákù àńkárá, mo rán ojú ehoro sí i, etí kan gùn ju èkejì lọ. Ní kùtùkùtù, mo ti wà ní kíṣìnnì, mò ń gé kárọ́ọ̀tì bí òdòdó. Mo fún ìrẹsì pọ̀, ó di orí ehoro. Ẹ̀wà ni mo fi ṣe ojú, nítorí ẹ̀wà tiwa ti lójú dúdú tirẹ̀ látọ̀run wá. Bí mo ṣe ń ṣe é ni mò ń lọ aṣọ ọ́fíìsì, mò ń wo aago, mò ń wo fóònù bóyá bàbá ọmọ ti fèsì. Ìdí mi kì í kan àga. Kí n tó dé kúlà lọ́mọrí, mo ti ya fọ́tò rẹ̀, mo ti fi ránṣẹ́ sí Japan, orí mi sì wú.

Màmá yọjú wo inú kúlà, ó fi ohùn Ọ̀wọ̀ ilé wọn gbè sẹ́yìn iyán. "Ìyàwó, l'Ọ́ghọ̀ yìí, uyán la mọ̀, uyán kì í sì í wo ẹni tó ń jẹ ẹ́. Àwọn àgbà ní bí ẹnu bá jẹ, ojú á tì. Ojú ta ni yóò wá tì báyìí, ti ọmọ ni àbí ti ìrẹsì?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo kà á sí àìlajú.

Ehoro lọ, ehoro bọ̀. Mo ṣe òròmọdìẹ, òun náà bọ̀ pẹ̀lú ojú rẹ̀ méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, tíṣà pè mí lọ́fíìsì pé kí n máa bọ̀. Mo gun ọ̀kadà, mo sáré wọlé.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, oúnjẹ yín ti kó bá wa," ni tíṣà wí. "Àwọn ọmọ ò jẹ tiwọn mọ́, ehoro ni wọ́n ń wá wò. Ọmọ yín sì ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo, pé ehoro ń sùn."

Mo wo inú kúlà. Ọmọ mi ti fi áńkáṣíìfù bo ehoro náà dé ọrùn.

Inú bí mi, mo mú ọmọ lọ sílé. Nígbà tá a délé, mo gbé kúlà síwájú rẹ̀, mo ní kó jẹ ẹ́ lójú mi. Kò mira. Mo mú ṣíbí pé kí n fi gé etí ehoro, ó bá di ọwọ́ mi mú.

"Mọ́mì, tí mo bá jẹ ẹ́ tán, òun náà máa lọ."

Mo gbé ṣíbí kalẹ̀. Mo bú sẹ́kún. Màmá kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó lọ gbé iyán tó gún sílẹ̀ àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Mo ti ń dìde láti lọ wá omi, láti wá àwo ọmọ, láti ṣáà wá nǹkan ṣe.

"Mọ́mì, ẹ jókòó," ni ọmọ mi wí.

"O gbọ́," ni Màmá wí. "Jókòó."

Mo jókòó. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tọwọ́ bọ abọ́ kan náà. Ibẹ̀ ló ti yé mi. Inú abọ́ bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí ti máa ń jẹun láti ìgbà tó ti mọ òkèlè bù. Bàbá a máa ti ẹran sí apá ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ a máa dá a padà, wọ́n á máa fi ṣeré títí ọbẹ̀ á fi gbẹ. Látìgbà tó ti lọ, èmi a bu tirẹ̀ fún un lọ́tọ̀, màá wà lórí ìdúró. Ó jẹun lọ́jọ́ náà. Kò pọ̀, àmọ́ ó lá ọwọ́.

Bàbá rẹ̀ ṣì wà lọ́hùn-ún, a máa ń rí i lọ́dún Kérésì bí àyè bá gbà á. Ọmọ ti wà ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ti ga jù mí lọ. Bí mo bá rí fídíò àwọn ìyá Japan pẹ̀lú ìrẹsì wọn, mo ṣì máa ń wò ó títí yóò fi parí, torí ó rẹwà lóòótọ́, ìfẹ́ ló sì wà nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí fídíò náà kì í fi hàn ni bóyá ìyá náà jókòó ti ọmọ lẹ́yìn náà. Èmi ò tíì mọ̀ ọ́n jókòó. Lánàá òde yìí, a bu iyán tán, a fọwọ́ tán, ni mo tún dìde pé kí n lọ wo gáàsì bóyá mo ti pa á. Láti kíṣìnnì ni mo ti rí ọmọ mi. Kò pè mí. Ó kàn yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú abọ́, ó ń dúró dè mí.