Orúkọ Tó Wà Nínú Ìwé Rélùwéè

Bàbá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí a ó sin òun sí. Sàbọ̀n Gàrí ní Sáríà ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, Hausa rẹ̀ sì dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Síbẹ̀ kò fẹ́ kí ilẹ̀ Sáríà bo òun. Bàbá tirẹ̀, tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè, kú síbẹ̀, ó sì sọ kó tó kú pé kí àwọn ọmọ òun má ṣe sùn sílẹ̀ onílẹ̀ bíi tòun. "Ilé làbọ̀ sinmi oko," ni bàbá mi máa ń wí. "Èmi náà á padà sí gida, ilé wa."

Gida wo? Ìbéèrè yẹn ló ń bí mi nínú. Bàbá àgbà kò mú ẹnikẹ́ni nínú wa délé rí. Iṣẹ́ ló máa ń fi ṣàwáwí. Èmi ni àkọ́bí, olùkọ́ sì ni mí, ni wọ́n bá ní èmi ni kí n wá ilé náà. Ohun kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ni ìwé tí rélùwéè fi gba bàbá àgbà síṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, ti bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀, àti ti ìlú kan nítòsí Ọ̀fà. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń pe fóònù kiri kí n tó rí agbo ilé náà. Olórí ẹbí ní lóòótọ́ ni, ọ̀kan nínú àwọn bàbá wọn tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Sáríà, kò sì yà wọ́n lẹ́nu pé ó fi ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní kí n máa bọ̀, ilẹ̀ tí a ó sin bàbá mi sí ti wà. Bàbá mi sunkún ayọ̀. Èmi náà sunkún, kí n má purọ́.

Mo wọkọ̀ ní gáréèjì Kwangila ní Sáríà, mo forí lé agbo ilé náà. Wọ́n fi omi tútù pàdé mi, wọ́n ń pè mí ní ọmọ wa. Mo fa fọ́tò bàbá àgbà yọ, mo fún ìyá arúgbó kan tí wọ́n ní àbúrò bàbá mi ni, ọmọ bàbá kan náà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó sì dá a padà fún mi.

"Ta nìyí?"

"Bàbá yín ni, mà."

"Bàbá mi kọ́. Bàbá mi ń bẹ nínú yàrá yẹn, lábẹ́ ilẹ̀. Ojú mi ni wọ́n ṣe sin wọ́n."

Sàréè bàbá àgbà wà ní Sáríà. Èmi fúnra mi ti ro koríko ibẹ̀ láìmọye ìgbà. Èèyàn kan kì í ní sàréè méjì.

Ìyá náà ló rọra tú u fún mi. Ẹsẹ̀ ló ń dun bàbá rẹ̀ ní Sáríà tó fi padà sílé. Kí iṣẹ́ má bàa ṣòfò, ó gbé ìwé iṣẹ́ rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan. Láyé ìgbà yẹn, ìwé ni òyìnbó mọ̀, kò mọ ojú. Ọ̀rẹ́ náà wọṣẹ́, ó ń jẹ́ orúkọ inú ìwé, ó sì bímọ sínú rẹ̀. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ìwé rélùwéè ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ tiwa.

"Kí ni orúkọ ọ̀rẹ́ náà, mà?"

"Bàbá mi ò pe orúkọ wọn rí. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ bí ọ̀rẹ́ ti ń ṣe, wọ́n ní orúkọ tí wọ́n jọ ń pe ara wọn. 'Ẹnìkejì mi' ni."

"Ìlú wọn ńkọ́?"

"Wọn kì í ṣe ará ibí. Ìyẹn nìkan ni mo mọ̀."

Inú bí mi sí gbogbo wọn, òkú àti alààyè. Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, bá ọkùnrin yẹn gbé títí ó fi kú, "Bàbá wọn" ló ń pè é, torí ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ. Ọmọ kì í pe bàbá lórúkọ, bàbá mi náà kò sì pè é. Ọ̀wọ̀ ni a fi sọ orúkọ náà nù. Akọ̀wé rélùwéè nìkan ló ń fi gbogbo ẹnu pè é lórúkọ, ti ẹlòmíì ló sì ń pè.

Olórí ẹbí kò lé mi. Ó ní àwọn ò ní gba ilẹ̀ náà padà, kí a ṣì gbé bàbá wá, àwọn yóò sin ín bí àlejò. Èèyàn dáadáa ni. Ì bá jẹ́ èèyàn burúkú, ǹ bá rí ẹni bú.

Nígbà tí mo padà dé Sáríà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá mi.

"Wọ́n ní bí àlejò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní kò sí wàhálà."

"To, ó dáa. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni wọ́n ti ń pè mí ní baƙo níbí, àlejò. Mo gbà fún wọn, torí mo rò pé mo ní ilé. N ò wá lè rin gbogbo ọ̀nà yẹn lọ ṣe àlejò nínú sàréè. Ẹ sin mí síbí."

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú. Nígbà tí bíríkìlà fẹ́ẹ́ rẹ́ ojú sàréè náà tán, ó béèrè orúkọ tí òun yóò kọ sí i. Mo pe orúkọ bàbá mi, mo sì fi orúkọ ọkùnrin tó sùn nínú yàrá lẹ́bàá Ọ̀fà tẹ̀ lé e, torí n kò ní òmíràn.