Ọ̀nà Ilé Afẹ́fẹ́

Bàámi kò jẹ́ kí n jókòó síwájú. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn, mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé, ló bá ní, "Aláròyé, ẹ̀yìn ni kó o lọ." Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé kò ṣeré rárá. Mo bọ́ sẹ́yìn. Orí ìjókòó iwájú yẹn ló gbé fúláàsì tíì àti búrẹ́dì wa lé, ó sì fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ ibẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣubú. Èmi àkọ́bí rẹ̀, èmi tí mo ní ọmọ tó ga jù mí lọ, búrẹ́dì gba iwájú mọ́ mi lọ́wọ́.

Aláròyé ló ti ń pè mí láti kékeré. N kò bá a jà lórí ẹ̀ rí, nítorí òótọ́ ni.

Oníṣẹ́ fíríìjì ni bàbá mi. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, àwọn fíríìjì tí kò nílẹ̀kùn mọ́ tò síwájú ibẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọlé á fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kó tó fọwọ́ kan fíríìjì, á kọ́kọ́ gbé etí lé e lẹ́yìn, á dijú, á máa gbọ́. Oníbàárà á ní, "Ọ̀gá, kí ló ṣe é?" Á ní, "Gáàsì ti lọ." Ó tán. Ẹ kò ní gbọ́ nǹkan míì lẹ́nu rẹ̀ títí ẹ ó fi gbé fíríìjì yín lọ. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni màámi ti ń ránṣọ. Màsíìnì rẹ̀ wà lẹ́bàá fèrèsé, téèpù sì wà lọ́rùn rẹ̀ láti àárọ̀ títí tó fi máa sùn. Màámi ló ni ẹnu. Gbogbo ohun tí bàámi kò bá sọ, ó ń bá a sọ ọ́, á tún fi ẹ̀rín díẹ̀ lé e.

Ohun kan tó pa àwọn méjèèjì pọ̀ ni ìrìn. Bí ọwọ́ bá ti dilẹ̀ báyìí, wọ́n á kó wa lọ sọ́dọ̀ ìyá màámi, wọ́n á wọ mọ́tò, wọ́n á sì dàwátì. Wọn kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Wọn kò lọ ra ọjà. Wọ́n kàn ń lọ ni, láti ìlú kan bọ́ sí òmíràn, títí ilẹ̀ á fi yí àwọ̀ padà, títí àwọn èèyàn á fi máa kí wọn ní èdè tí wọn kò gbọ́. Àwọn ará àdúgbò kò yé bi wọ́n léèrè.

"Níbo lẹ lọ?"

"A ò lọ síbì kankan," màámi á sọ.

"Kí lẹ wá lọ ṣe níbẹ̀?"

Màámi á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Èmi kì í rẹ́rìn-ín ní tèmi. Inú máa ń bí mi. Lójú mi, ìgbádùn téèyàn bá fi ọmọ sílẹ̀ lọ jẹ, ìmọtara-ẹni-nìkan ni, mo sì sọ ọ́ sí wọn létí. Màámi ní, "Kò burú. Fẹ́ ọkọ tìẹ, kẹ́ ẹ ra mọ́tò tiyín, kẹ́ ẹ máa lọ."

Nínú ilé, "ẹ" ni màámi máa ń pe bàámi bó ṣe yẹ. Àmọ́ tó bá ti jókòó sínú mọ́tò, ọ̀wọ̀ parí. "Dẹ́rẹ́bà, rọra." "Dẹ́rẹ́bà, o ti sáré kọjá ibẹ̀, padà." Àdéhùn wọn ni pé dẹ́rẹ́bà á máa wo títì, ẹni iwájú á sì máa wo ọ̀nà. Bàámi kì í ka pátákó kankan. Kòtò tó wà níwájú rẹ̀ àti tírélà tó ń bọ̀ ni ó ń wò, ibi tí màámi bá ní kó yà sí ló sì ń yà sí. Màámi náà kò ka pátákó. Ó ní orúkọ tí wọ́n kọ síbẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ ni wọ́n ni ín, òun ní tòun. Nítorí náà, àwọn fúnra wọn ló sọ gbogbo ibi tí wọ́n ń kọjá lórúkọ. Ibi tí wọ́n ti bá ara wọn jà lórí afárá títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, ó di Afárá Ìjà. Ìtòsí ilé kan tí wọ́n kun ilẹ̀kùn rẹ̀ láwọ̀ tó le bí nǹkan míì, ó di Ilẹ̀kùn Búlúù. Ibì kan wà tó ń jẹ́ Tún Un Dè, nítorí ibẹ̀ ni páìpù èéfín mọ́tò ti já, tí bàámi fi wáyà fíríìjì so ó. Orúkọ báyìí pọ̀ lọ jàra, láti ẹnu ọ̀nà ilé wa títí dé ìpẹ̀kun ilẹ̀ yìí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n àfi àwọn méjèèjì.

Èyí tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Ilé Afẹ́fẹ́. Orí òkè kan ni, ilé àwókù kan tí kò ní òrùlé wà níbẹ̀, ògiri rẹ̀ ṣì dúró, afẹ́fẹ́ á máa gba ojú fèrèsé kan wọlé, á máa gba èkejì jáde. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ ń rí gbogbo ọ̀nà tó ti gbà wá, tó ń lọ́ kiri nísàlẹ̀. Bàámi sọ fún mi pé ibẹ̀ nìkan ni ẹnu màámi ti máa ń dákẹ́. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì, wọ́n á mu tíì, wọ́n á máa wo ọ̀nà náà.

Àìsàn dá màámi dùbúlẹ̀ ní àkókò tí iṣẹ́ ìránṣọ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Aṣọ oníbàárà kan ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ màsíìnì, ọwọ́ kan ti wà lára rẹ̀, ọwọ́ kejì kò sí. Mo wá ń gbé lọ́dọ̀ wọn kí n lè tọ́jú rẹ̀. Lọ́sàn-án, bí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀, bàámi á ti ṣọ́ọ̀bù, á wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi á wà ní pálọ̀, kọ́tìnì nìkan ló wà láàárín wa.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣáná sí i ká máa lọ," màámi á sọ.

"Mo ti ṣáná sí i."

"Ibo la dé báyìí?"

"À ń jáde nílùú."

Báyìí ni wọ́n á ṣe máa lọ. Màámi á máa pe orúkọ ibi tí wọ́n bá dé, á ní kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó rọra ṣe nítorí àwọn màlúù. Bàámi tí kì í sọ̀rọ̀ á ní, "Mo ti rí wọn." Àwọn ìgbà míì wà tí mo gbọ́ tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo fi aṣọ tí mo ń ká lọ́wọ́ bo ojú mi, mo sunkún dáadáa.

Ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, ohùn màámi ti lọ sílẹ̀. Ó ní, "A ti kọjá Afárá Ìjà. A ti yà sósì níbi Ilẹ̀kùn Búlúù. Oorun ń kùn mí, dẹ́rẹ́bà. Tó o bá dé Ilé Afẹ́fẹ́, bá mi kí i."

"Àwa méjèèjì la jọ máa kí i," bàámi sọ.

Màámi ti sùn lọ. Ojú oorun yẹn ló kú sí.

Lẹ́yìn tá a sin ín, bàámi kò fọwọ́ kan mọ́tò fún ìgbà pípẹ́. Eruku bo gíláàsì rẹ̀. Èmi náà padà sílé mi àti síbi iṣẹ́ mi. Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bá àwọn ọmọ jẹ́léósinmi mi jà lórí ẹni tó jẹ ṣọ́ọ̀kì, mo gbójú sókè, bàámi ló dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí màámi rán fún un.

"Aláròyé, gba àyè níbi iṣẹ́. À ń lọ sí Ilé Afẹ́fẹ́."

"Bàámi, kí lẹ fẹ́ fi mí ṣe níbẹ̀?"

"Ìwọ lo máa ń gbọ́ wa láti pálọ̀. Wá bá mi rántí ọ̀nà."

N kò mọ̀ pé ó mọ̀ pé mo ń gbọ́. Mo lọ gba àyè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó dùn. Bá a ṣe jáde nílùú báyìí, a sọ gíláàsì kalẹ̀, afẹ́fẹ́ gba ìborí mi, mo wá ń rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tó bá mi sọ nǹkan. Àwọn igi ń kúrú sí i bá a ṣe ń lọ, ilẹ̀ ń pupa sí i. Ìyá kan ń wẹ ọmọ rẹ̀ lẹ́bàá títì, ọmọ náà fi ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ juwọ́ sí wa. Màlúù dí wa lọ́nà, a dúró, ẹni tó ń dà wọ́n kí wa, a kí i, òun kò gbọ́ tiwa, àwa kò gbọ́ tirẹ̀, inú gbogbo wa dùn. Mo wá mọ ìgbádùn tí wọ́n máa ń lọ jẹ. Mo wá mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹni tí mo fẹ́ sọ ọ́ fún kò sí mọ́, ìyẹn sì dùn mí wọra.

Bàámi dá Tún Un Dè mọ̀. Ó dá Afárá Ìjà náà mọ̀, ó tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ fi ibi tí màámi jókòó sí hàn mí, tó kọ ẹ̀yìn sí i, tó ní òun máa fẹsẹ̀ rìn dé ilé. Mo bi í pé kí ló dájà sílẹ̀.

"Ọmọrí fúláàsì."

"Ta ló sọ ọ́ nù?"

"Èmi ni. N ò tíì gbà fún un."

Lẹ́yìn ibẹ̀ ni nǹkan dojú rú. Mo ní, "Bàámi, màámi ní ẹ yà sósì níbi Ilẹ̀kùn Búlúù." Ó ní òun mọ̀. Ó ń wakọ̀ lọ, ó ń retí rẹ̀. Àmọ́ wọ́n ti la títì tuntun gba ibẹ̀, títì ńlá tó ní ìpín láàárín, wọ́n sì ti wó àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, yálà búlúù tàbí pupa. Bàámi lọ, ó padà, ó tún lọ. Ó wá yà sílé epo, ó na ọrùn síta sí ọmọbìnrin tó ń ta epo.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, apá ibo ni Ilẹ̀kùn Búlúù wà?"

"Ìlú wo nìyẹn, Bàbá?"

"Kì í ṣe ìlú. Ilẹ̀kùn ni."

"Ilẹ̀kùn ilé ta ni?"

Bàámi kò mọ̀. Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ilé Afẹ́fẹ́ ńkọ́?" Inú ọmọbìnrin náà dùn, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Bí màámi bá wà níbẹ̀, ẹ̀rín ìbá gbé e ṣánlẹ̀. Bàámi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó yí gíláàsì sókè, ó di sítíárì mú, kò sì ṣáná sí mọ́tò.

A béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà, a béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń fọ́ òkúta. Gbogbo wọn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, gbogbo wọn ń bi wá pé kí lorúkọ ibẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo tá a ní náà là ń sọ. Ó wá ku kí a máa gun òkè tá a bá ti rí. Lórí èyí tó kẹ́yìn, bàámi sọ̀ kalẹ̀, ó yí ojú ká. Afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Ògiri kò sí.

"Ṣé ibí kọ́?" ó bi mí.

"Bàámi, mi ò débẹ̀ rí."

Ó mi orí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní, "Ẹ kàn bá màámi kí eléyìí náà. Òkè ṣáà ni òkè. Kò ní bínú."

Ó yíjú sí mi bí ẹni tí kò mọ̀ mí. "Irọ́ ni wàá ní kí n pa fún un?"

A padà. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, títí kan èmi. Ọ̀nà kan tó tóóró la gbà, ajá kan sì dùbúlẹ̀ sáàárín rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọrọ. Bàámi tẹ hóònù. Ajá gbé orí sókè, ó wò wá, ó tún gbé orí sílẹ̀. Bàámi tún tẹ̀ ẹ́. Ajá kò mira. A jókòó síbẹ̀, à ń dúró de ajá kó sùn tó, ẹnu mi kò sì gbà á mọ́.

"Ibùsùn Ajá," mo sọ.

Èjìká bàámi bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín sì ni lóòótọ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó gbé orí lé sítíárì, ẹ̀rín di ẹkún, bàbá mi tí n kò rí omi lójú rẹ̀ nígbà tá a sin ìyàwó rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó tó àkókò, ajá dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn ara, ó lọ.

"Ìyá rẹ ìbá wá èyí tó dáa jù bẹ́ẹ̀ lọ," bàámi sọ.

"Mo mọ̀."

Ó tú bẹ́líìtì kúrò lára búrẹ́dì àti fúláàsì, ó gbé wọn sẹ́yìn. "Bọ́ síwájú," ó sọ. Mo jókòó lórí ìjókòó tí màámi fi àjẹkù aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ rán ìbora fún. Ibi tí màámi máa ń jókòó sí lórí rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú. Mo ń wo ọ̀nà títí a fi délé.

Àbúrò mi ọkùnrin pè wá lórí fóònù bá a ṣe wọlé. Bàámi fi í sí gbangba kí èmi náà lè gbọ́.

"Bàámi, ẹ kú ìrìn. Ṣé ẹ débẹ̀? Ṣé ẹ bá Màámi kí i?"

"A ò débẹ̀."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń wakọ̀ lọ síbẹ̀ látìgbà tá a wà lọ́mọdé?"

Bàámi ń wo màsíìnì tó wà lẹ́bàá fèrèsé, àti aṣọ ọlọ́wọ́ kan tó ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

"Èmi kàn ń wakọ̀ ni," ó sọ. "Ìyá yín ló mọ ọ̀nà."